Kí Ẹ Tó Ra Fítámì Ní Tápà

Bẹ́ ẹ bá wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Tápà, ẹ óò gba Ẹ̀rúwà kọjá, ẹ óò kan Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, kẹ́ ẹ tó wọ̀lú. Kò ní yà yín lẹ́nu bí ẹnì kan tó ń kiri oògùn bá dìde nínú ọkọ̀. Á ní fítámì tí òun ń tà ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọra, ó ń lé àárẹ̀ lọ, àti pé bẹ́ ẹ bá ra méjì, òun óò fi ẹyọ kan ṣe èènì. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má tíì fọwọ́ kan àpò. Èènì oògùn kì í ṣe èènì gàrí. Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tí oògùn náà máa bàjẹ́ ló ti sún mọ́lé.

Owó kékeré kọ́ ni fítámì ń gbà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù, ohun mẹ́ta ni kó pa pọ̀: ọ̀fẹ́, ẹ̀dínwó àti èènì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀fẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí, kẹ́ ẹ tó dé kẹ́míìsì. Ọ̀fẹ́ ni fítámì A tó wà fún ọmọ oṣù 6 títí dé ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló sì yẹ kí ọmọ gbà á. Aláwọ̀ búlúù ni ti ọmọ oṣù 6 sí 11, pupa ni ti ẹni tó ti pé ọdún kan. Ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè ìgbà tí wọ́n tún máa fún wọn. Ọmọ tó bá ti gbà á, ẹ má tún ra òmíràn kún un, nítorí àpọ̀jù fítámì A máa ń ṣe ara ní jàǹbá. Aláboyún ní tiẹ̀ nílò iron tó ń fún ni lẹ́jẹ̀, mílígíráàmù 30 sí 60, àti folic acid mílígíráàmù 0.4, lójoojúmọ́. Ẹ béèrè wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gba ìtọ́jú oyún.

Ó kan ẹ̀dínwó. Ní kẹ́míìsì, ẹ má ra àwòrán ara páálí. Ẹ ní kí wọ́n gbé méjì wá, olówó gọbọi àti olówó pọ́ọ́kú, kẹ́ ẹ ka ohun tó wà nínú wọn. Bí èròjà wọn àti ìwọ̀n rẹ̀ bá dọ́gba, tí méjèèjì ní nọ́ńbà NAFDAC, tí ọjọ́ wọn ò sì tíì lọ, ẹ mú olówó pọ́ọ́kú. Bí iron bá ti wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ má tún ra fítámì mìíràn tó ní in. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú u síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó. Oògùn pupa tó dà bíi súìtì yẹn lè pa ọmọ tó bá gbé púpọ̀ mì.

Èènì ló kù, inú ọjà Tápà ló sì wà. Ìyá tó ń ta ilásá á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ọlọ́sàn á fi ẹyọ kan kún un. Fítámì nìyẹn. Ilásá ní iron àti folic acid, ọsàn ní fítámì C tó máa ń jẹ́ kí ara gba iron inú ewé dáadáa. Ẹ jẹ ọsàn mọ́ oúnjẹ, kẹ́ ẹ fi tíì sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gba iron bó ṣe yẹ. Epo pupa ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Ẹ má jẹ́ kó gbóná títí táá fi funfun. Wàrà àwọn Fúlàní ń mú eegun le. Bẹ́ ẹ bá sì rí igi ẹ̀gẹ́ tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2011, ẹ tọrọ díẹ̀ gbìn. Gàrí rẹ̀ á pọ́n láìfi epo sí i, á sì ní èròjà fítámì A.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ọjà ò lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún aláboyún tàbí ẹni tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Bẹ́ẹ̀ ni fítámì ò lè wo ibà tàbí aràn. Bó bá ń rẹ ọmọ yín ní gbogbo ìgbà, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń funfun, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Owó tẹ́ ẹ ò ná lórí ìgò fítámì tí ẹ ò nílò, òun lẹ óò fi san ti àyẹ̀wò náà. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra ẹyin fún un.