Ẹ̀yin Ọmọbìnrin Wa Tí Ẹ Ń Ṣiṣẹ́ Báńkì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà lọ́kàn mi láti ọdún díẹ̀ wá. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àṣìṣe kò kan ọgbọ́n.

Tísà ilé-kéwú ni mí. Mo jáde ìwé mẹ́wàá kí n tó lọ sí ilé-kéwú àgbà, ó sì ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Àkọ́bí mi obìnrin kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì. Ní ọdún 2013, báńkì kan ní Èkó gbà á sí iṣẹ́. Inú ìyá rẹ̀ dùn, inú tèmi bàjẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ó wálé, mo dìde ní mọ́sálásí àdúgbò wa, mo ṣe wáàsí lórí ribá, mo ní ẹni tí ó bá ń jẹun nínú báńkì, iná ni ó ń jẹ. Gbogbo jámáà ni ó mọ ẹni tí mo ń bá wí. Ọmọ náà wà lẹ́yìn gàgá, ó gbọ́ ọ, kò fèsì.

Kò pẹ́ sí i, ìjì ṣí òrùlé kíláàsì méjì ní ilé-kéwú mi. Ìyá rẹ̀ gbé owó wá, a fi ra páànù. Mo mọ ibi tí owó náà ti wá. N kò béèrè, n kò sì dá a padà.

Iṣẹ́ tí báńkì fún ọmọ mi ni kí ó máa wá oníbàárà. Wọ́n dá iye owó kan fún un tí ó gbọ́dọ̀ kó wọlé kí oṣù mẹ́ta tó pé, èyí tí wọ́n ń pè ní tágẹ́ẹ̀tì. Olówó kan ṣèlérí pé òun yóò fi owó ńlá síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó wá gba ìwé sọ̀wédowó nílé òun ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ó má mú ẹnikẹ́ni dání. Ọmọ mi sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o kò mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe ni?" Ọmọ mi kò lọ. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n ní kí ó máa lọ sílé.

Ó dé pẹ̀lú àpò kan lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé mo sọ fún ọ àbí n kò sọ?" Ìyá rẹ̀ wò mí, ó ní, "Áfáà, ọmọ tí ó sá fún sìná, tí iṣẹ́ tìtorí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òun ni ẹ ń bá wí? Páànù tí ó wà lórí ilé-kéwú ńkọ́?" N kò rí èsì fọ̀.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Mo rántí ìyá wa Kádíjà, oníṣòwò pàtàkì, tí ó máa ń kó ọjà rẹ̀ fún àwọn ọkùnrin láti bá a tà, kí wọ́n lè jọ pín èrè. Anọ́bì wa (SAW) fúnra rẹ̀ kó ọjà rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù kí ó tó fẹ́ ẹ. Mo rántí pé áyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, 282 nínú Súrátù Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ ni. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ribá o, èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀nà kan han ọmọ mi pé kò dára, n kò fi òmíràn hàn án.

Láti ọjọ́ kejì ni a ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Iṣáì, mo ṣí Risaalah níbi tí ó ti sọ nípa òwò, òun ṣí ìwé ìṣirò owó rẹ̀. Mo kọ́ ọ ní muraabaha: báńkì a ra ọjà tí oníṣòwò ń fẹ́, ọjà a kọ́kọ́ di ti báńkì, a wá tà á fún un pẹ̀lú èrè tí àwọn méjèèjì mọ̀, oníṣòwò a máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá pẹ́ san, báńkì kò gbọdọ̀ bu èrè kún un fún ara rẹ̀. Òun náà kọ́ mi bí a ti ń mọ̀ láti inú ìwé pé ilé-iṣẹ́ kan ń jẹ gbèsè bí ó tilẹ̀ ń ra mọ́tò tuntun. Ó ṣe ìdánwò ICAN títí ó fi yege. Báńkì Jaiz ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba èlé láti ọdún 2012, TAJBank tẹ̀lé e ní 2019, Lotus ní 2021. Obìnrin ni ó kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá àgbà Lotus, Kafilat Araoye. Ní ọdún 2022, ọ̀kan nínú irú báńkì bẹ́ẹ̀ gba ọmọ mi sí ẹ̀ka tí ń fi owó ran àwọn oníṣòwò lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ohun tí àwa méjèèjì rí kọ́. Ẹ má dúró sórí ìwé tí ẹ gbà ní yunifásítì, ẹ ṣe ìdánwò iṣẹ́ yín. Ẹni tí ó mọ ìwé owó yẹ̀ wò kò ní máa fi ojú bẹ olówó. Bí oníbàárà bá fẹ́ gba owó, ẹ lọ wo ìsọ̀ rẹ̀ àti ibi tí ó ń kó ẹrù sí, ní ọ̀sán, kí ẹnìkan bá yín lọ. Ẹ má buwọ́ lu ohun tí ojú yín kò rí. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ wá nílé òun lálẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ fi ṣọwọ́ sí ẹni tí ó ju ọ̀gá yín lọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ mi fi ẹnu sọ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi rí ohun kan fi hàn.

Ẹ mọ òfin pẹ̀lú. Abala 54 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aláboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Owó tí ẹ bá sì gbà, tiyín ni. Súrátù Nisáì, áyà 32, ti fi hàn pé obìnrin ní ìpín nínú ohun tí ó bá ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹ bá fi ran ọkọ lọ́wọ́, oore ni, kì í ṣe gbèsè.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin áfáà ẹgbẹ́ mi, ní ọdún 2012 ni àwọn olórí báńkì ilẹ̀ wa fẹnu kò pé kí obìnrin gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ipò ọ̀gá, àti ìdá 30 nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Ta ni yóò jókòó sórí àga náà bí a bá ń fi wáàsí lé àwọn tiwa sẹ́yìn?

Ní ọdún 2023, mo dìde ní mọ́sálásí kan náà, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi lójú jámáà. Ó wà lẹ́yìn gàgá, kò fèsì lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Nígbà tí a délé, ó ní, "Bàbá, páànù ilé-kéwú ti ń jò o. Ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó."

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin wa. Aamin.