Ẹgbẹ̀fà Tó Bẹ́gi Dínà

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fi máàkì gbèsè (credit score) òde òní wí kò ju èyí lọ. Ẹni tó mọ̀ pé igi ti dínà ló yí padà. Láyé ìjọ́sí, ọjà Ìlobù ní Ọ̀ṣun ló mọ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà kan ní Èkó lè mọ̀, kí ọjà Ìlobù má gbọ́ nǹkan kan.

*

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn Òṣómàáló ará Ìjẹ̀ṣà máa ń ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n á tà á láwìn fún àgbẹ̀, wọ́n á padà wá gbowó nígbà ìkórè. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí ẹ̀rí ẹnu aládùúgbò: ṣé ẹni yìí máa ń sanwó? Ẹni tí a bá sì bi nírú ìbéèrè yẹn ní ilẹ̀ wa kì í dáhùn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Á ní, "Ó san ti ẹ̀ṣín o, àmọ́ ó pẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló ṣàìsàn." Ohun mẹ́ta ni oníṣòwò gbọ́ níbẹ̀: pé ó san, pé ó pẹ́, àti ìdí tó fi pẹ́. Ìkẹta yẹn ni n óò máa wá kiri nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí.

*

Samuel Johnson kọ nípa àwọn ológò sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó á gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìlú, á sì rán ológò sí i. Ológò á wọlé, á jókòó, á máa pariwo, á máa mú adìẹ àti ewúrẹ́ inú ilé pa jẹ, títí owó á fi jáde.

Àwọn áàpù ayánilówó ti wá gba iṣẹ́ náà. Wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù onígbèsè, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, sí ẹni tó ń ta gáàsì fún un, pé olè ni, pé kí wọ́n bá àwọn mú un. Ó burú débi pé àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2022 pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè máa yáni lówó. Lójú tèmi, ológò sàn jù wọ́n lọ. Ó kéré tán, ìlú ló fún un láṣẹ kí ó tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ènìyàn.

*

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè wa ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Báńkì àpapọ̀ wa, CBN, ló ṣe ìlànà ìwé àṣẹ wọn ní 2008. Òfin tó de iṣẹ́ wọn, Credit Reporting Act, ni Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 nígbà tó ń dele fún Ààrẹ. BVN, nọ́ńbà onídíjíìtì 11 tí báńkì fi ń dá oníbàárà mọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ni okùn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó jẹ báńkì kan lówó ní Òṣogbo, tó wá sá lọ ṣí àkáǹtì tuntun ní Ìbàdàn, kò sá lọ síbì kankan.

Ohun tó wà nínú fáìlì náà kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Iye tí o yá, ọjọ́ tí o yá a, iye tó kù, ọjọ́ tó yẹ kí o san, bóyá o san án lọ́jọ́ náà, àti orúkọ ayánilówó tó ti wá yẹ fáìlì rẹ wò. Iye ilé tí o kọ́ kò sí níbẹ̀. Owó tó wà ní àkáǹtì rẹ kò sí níbẹ̀. Alhájì tó ní ilé mẹ́ta lójú ọ̀nà Òṣogbo lè ní máàkì tó kéré sí ti akọ̀wé tó ń gbé yàrá kan, bí Alhájì bá jẹ́ ẹni tí kì í kánjú sanwó olówó.

*

Fún àpẹẹrẹ, máàkì FICO tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ láti 300, ó parí sí 850. Nínú rẹ̀, bí o ṣe ń san gbèsè lásìkò ló kó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tí o ṣì jẹ kó 30, ọjọ́ orí gbèsè rẹ kó 15. Ìdá 10 ni ti owó tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kiri, ìdá 10 tó kù sì ni ti oríṣiríṣi gbèsè tí o ti jẹ rí. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ orí gbèsè ń mú èrè wá. Ẹni tó sáré san gbogbo gbèsè tán, tó sì ti gbogbo àkáǹtì gbèsè rẹ̀ pa, lè rí i pé máàkì òun fà sẹ́yìn díẹ̀.

*

Ọjọ́ kò gùn bákan náà fún olówó ńlá àti olówó kékeré. Ní báńkì ńlá, gbèsè tó kọjá ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú 90 ọjọ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń kà sí èyí tó ti ń bàjẹ́. Kí wọ́n tó kà á sí òfò pátápátá, ó di 360 ọjọ́. Ní báńkì kéékèèké tí àwọn ìyá ọjà ń lọ, ìlànà CBN kan náà ní tó bá ti kọjá 30 ọjọ́, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá ti kọjá 90, òfò ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ kan náà tí oníbílíọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń fojú sí lára, wọ́n ti kọ ìyá oníṣu sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí kò lè san mọ́. Wọ́n lè ní owó ọ̀sẹ̀ kò ṣeé fi wé owó ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tún yẹ kí a sọ ọ́ jáde.

*

Aránṣọ kan fẹ́ ra ẹ̀rọ. Lóru ọjọ́ kan, ó tọrọ owó lórí áàpù márùn-ún, nítorí ó rò pé bí ọ̀kan bá kọ̀, òmíràn á gbà. Ilẹ̀ mọ́, kò rí kọ́bọ̀ gbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ gbogbo ayánilówó tó wá wo fáìlì rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò wò ó tẹ̀ lé wọn á bi ara rẹ̀ pé kí ló ń lé ẹni yìí lóru?

Àwọn kan á ní ìwà ìkà nìyí, pé a kì í fi ìbéèrè dáni lẹ́bi. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí ènìyàn kan bá yá owó lọ́wọ́ ìyá aláṣọ láàárọ̀, tó tún bẹ ìyá oníṣu lọ́sàn-án, tó tún dé ọ̀dọ̀ ìyá eléèlùbọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo ìsọ̀ á ti mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tú àpò owó sílẹ̀ fún un mọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nìyẹn. Ìdáríjì tiẹ̀ wà níbẹ̀: FICO kì í ka ìbéèrè tó ti lé lọ́dún kan mọ́, bí ó tilẹ̀ ń hàn nínú fáìlì fún ọdún méjì. Ẹni tó bá sì ń wá owó ilé tàbí ti ọkọ̀ káàkiri láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí. Bí ìwọ fúnra rẹ bá wo fáìlì ara rẹ, kò dín nǹkan kan kù.

*

Háàfù sálárì. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀ṣun láàrin 2015 sí 2018 kò nílò kí n ṣàlàyé. Lábẹ́ ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ń gba owó oṣù wọn pé, àwọn ìpele òkè ń gba ìdajì. Tíṣà tó ti yá owó báńkì kọ́lé ní 2014, tó ṣírò rẹ̀ lórí odindi owó oṣù, wá rí i pé ìdajì tó wọlé kò tó gbèsè san, áḿbọ̀sì kí ó tó jẹun. Ohun tí fáìlì rẹ̀ yóò gbé jáde ni pé ó pẹ́. Kò sí àyè gómìnà nínú fáìlì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ láàrin Ìlobù, Ifọ́n àti Ẹrìn-Ọ̀ṣun tún gbóná. Ilé jó, dúkìá ṣòfò, Gómìnà Adélékè kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹni tó fi owó gbómúlélántà, ẹ̀yáwó tí à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ra ọjà tó bá iná lọ, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣì pé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí kónílé-ó-gbélé kò dá kàlẹ́ńdà dúró. Ará Ìlobù ni o, ará Ifọ́n ni o, fáìlì kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bóyá ibi kan ṣoṣo tí àwọn ìlú yìí ti dọ́gba lọ́dún yẹn nìyẹn.

Òfin 2017 fún ènìyàn láṣẹ láti tako ohun tí kì í ṣe òótọ́ nínú fáìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà yìí pẹ́ lóòótọ́. Kí ni yóò tako? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wọn ti 1974 gbà kí onífáìlì kọ àlàyé tirẹ̀ mọ́ ọn, kó má ṣáà ju 200 ọ̀rọ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè ní kó má ju 100 lọ. Kì í gbé máàkì sókè, àmọ́ ẹni tó bá ṣí fáìlì á rí i. 200 ọ̀rọ̀ tó fún ìyàwó aláìsàn. Ó tó fún háàfù sálárì pẹ̀lú.

*

Ìyá kan wà tó ti ń dá àjọ ojúmọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti wà ní pámárì. Alájọ á wá, á fàlà sí káàdì, á mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìyá bá fẹ́ owó kí oṣù tó parí, alájọ á yá a, kò sì já alájọ kulẹ̀ rí. Ó tún wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ti yá a lówó níbẹ̀, ó san án pé. Nínú kọ̀ǹpútà Èkó, ìyá yìí jẹ́ ìkókó. Káàdì alájọ kò dé ibẹ̀, ìwé alájẹṣẹ́kù kò dé ibẹ̀. Fáìlì tó ṣófo kì í ṣe fáìlì tó bàjẹ́, wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ ní báńkì. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì sábà ń bá jáde.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé gbómúlélántà, tí gbogbo ọjà ń ṣépè fún, ni ó lè jẹ́rìí ìyá náà níwájú CRC, bó bá jẹ́ báńkì kékeré tó níwèé àṣẹ ló yá a lówó. Ọ̀rẹ́ kò lè jẹ́rìí. Ọ̀tá ló wà nílé ẹjọ́.

*

Owó kòrónà ti 2020. NIRSAL Microfinance Bank yá àwọn agboolé ní tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí èlé ìdá 5 lọ́dún, tó padà di 9. Ọ̀pọ̀ gbà á bí ìpín tiwọn nínú ohun ìjọba, wọ́n fi kan òrùlé, wọ́n fi ṣòkú. Ní ọdún kan náà yẹn, CBN gbé GSI dé, ìlànà tó fún ayánilówó láyè láti fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì onígbèsè ní báńkì mìíràn. Owó símẹ́ǹtì tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Èkó lè wọlé láàárọ̀, kó ti jáde kí oòrùn tó kàn àtàrí.

*

Nọ́ọ̀sì tó ti Ifọ́n lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ra fóònù tí yóò máa san lóṣooṣù. Wọ́n kọ̀ fún un. Kò jẹ ẹnikẹ́ni rí. Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ gan-an nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ náà, Experian, Equifax àti TransUnion, máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í bára mu. Ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ máa ń sọ fún un ni kí ó gba káàdì kékeré kan, kí ó máa fi ra nǹkan wẹ́wẹ́, kí ó má jẹ ju bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n gbà fún un lọ, kí ó sì máa san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù. Èyí tí wọ́n sábà ń gbàgbé ni ìdìbò. Ọmọ Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ni ọmọ Nàìjíríà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò níbẹ̀, orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ nínú ìwé olùdìbò sì ń ran fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá sì ṣí àkáǹtì kan pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀, kó mọ̀ pé ayánilówó lè máa wo ìwà ọkọ nínú fáìlì ìyàwó.

*

Bí o bá san gbèsè tán, gba lẹ́tà pé o ti san tán. Owó táṣẹ́rẹ́ tí o kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ti èlé ọjọ́ mẹ́ta, lè wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, kó máa jẹ́ orúkọ rẹ.

*

Láti 2024, àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ìjọba ti ń gba ẹ̀yáwó NELFUND. Kò ní èlé. Lẹ́yìn ọdún méjì tí ọmọ bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán ni ìsanpadà bẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ á sì máa yọ ìdá 10 nínú owó oṣù rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ wọn, gbèsè àkọ́kọ́ láyé wọn nìyí.

Mo gbọ́ tí ìyá kan ń gba ọmọ rẹ̀ níyànjú ní ìsọ̀ rẹ̀ pé kó yáa gbà á, kó tó di pé wọ́n ń bèèrè, ìjọba á ti yí padà.

Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, BVN mi ò ní yí padà o."