Ọdún Wo Ni Jagunjagun Yìí Ń Jà?

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ìdánwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká sọ ti fíìmù. Mo fẹ́ràn fíìmù àtijọ́ tí ogun wà nínú rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá ti gbé òmíràn jáde, dandan ni kí n wá owó dátà. Ṣùgbọ́n kí n tó wo ìjà fúnra rẹ̀, aṣọ tó wà lọ́rùn àwọn ọmọ ogun ni ojú mi máa ń lọ bá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi aṣọ náà: ọdún wo ni jagunjagun yìí ń jà?

Lọ́pọ̀ ìgbà, aṣọ náà kì í dáhùn. Ẹ ó rí ẹ̀wù pupa tàbí dúdú, owó ẹyọ, àdó mélòó kan, ìko tí wọ́n so mọ́ ìbàdí, awọ ẹran léjìká, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Bó jẹ́ ìtàn Baṣọ̀run Gáà, ẹni tó kú ní 1774, aṣọ yìí náà ni. Bó jẹ́ ti Kúrunmí Ìjàyè, tí ogun rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, aṣọ yìí náà ni. Bó jẹ́ ti ogun Kírìjì, tí wọn ò túká lójú ogun títí di 1893, kò yí padà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín ikú Gáà àti òpin Kírìjì. Aṣọ wo ló ń gbó tó bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí mo lọ ṣe tíṣìn práktíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ogun Kírìjì ni wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ SS2. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí kálukú ya ọmọ ogun kan nínú ogun náà sínú ìwé rẹ̀. Àwọn ọmọ náà lé díẹ̀ ní ogójì. Ìko àti owó ẹyọ ni mo rí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọ̀kọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, idà ló tẹ̀ lé e. Kò sí ẹyọ ọmọ kan tó ya ìbọn, bẹ́ẹ̀ ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ! Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n yà. Wọn ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Nínú fíìmù ni, mà."

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Àwọn ọmọ yẹn gbà pé bí àwọn baba ńlá wa ṣe wà láyé Gáà náà ni wọ́n wà títí òyìnbó fi dé: wọn ò kọ́ nǹkan tuntun, wọn ò ra nǹkan tuntun, wọn ò pa ọgbọ́n ogun dà. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń rí baba ńlá rẹ̀ bí ẹni tó dúró sójú kan, irú ọ̀wọ̀ wo ló máa ní fún un?

Wọn ò sì dúró sójú kan. Láyé Gáà, ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́. Ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni wọ́n ń gbé lọ sójú ogun. Ìbọn ò tíì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di ogun Òwu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àgèdèǹgbé, ìyẹn idà gígùn, ni àwọn Òwu gbójú lé, ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń bá etí òkun ṣòwò, ti ní ìbọn. Nígbà tí Kírìjì fi máa bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn ti kárí. Ohun tó kù ni pé ìbọn ta ló yá jù. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó ran Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́ láti rí ìbọn òyìnbó tuntun, irú èyí tí wọ́n ń ti ìdí ki ọta sí, nígbà tó jẹ́ pé ṣákábùlà ṣì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn gbé. Ẹni tó ń yìnbọn nílò àpò ẹ̀tù àti àpò ọta níbi tọ́wọ́ rẹ̀ ti lè tètè tó o. Ẹ tún ro iná tó ń ṣẹ́ jáde lára ṣákábùlà, kí ẹ wá ro ìko gbígbẹ ní ìbàdí ẹni tó yìn ín!

Ẹ jẹ́ ká mú Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò náà wò. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, to àwọn nǹkan oyè Kakaǹfò lẹ́sẹẹsẹ: fìlà ìkó odídẹ tí ìrù rẹ̀ gùn lẹ́yìn dé ìbàdí, bàǹtẹ́ awọ ẹkùn, awọ ẹkùn tó ń jókòó lé, àti ọ̀pá tí ọba fún un. Ó ní ọ̀pá yẹn nìkan ni Kakaǹfò máa ń mú lọ́wọ́ lọ ogun. Ẹ ronú sí i: ẹ̀tù ń dún, ọta ń fò, ọ̀gá ológun pátápátá dúró láàárín wọn, kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọ̀pá. Olùdarí fíìmù wo ló máa rí irú èyí he, tí yóò tún máa wá idà ńlá kiri fún un?

Àwọn ará Hollywood náà ò yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2022 wọ́n gbé The Woman King jáde, fíìmù lórí àwọn obìnrin ológun Dàhọ̀mì. Ọdún 1823 ni wọ́n gbé ìtàn náà kà, Ọ̀yọ́ sì ni ọ̀tá wọn. Aṣọ inú rẹ̀ wuyì, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tó fún mọ́ àwọn obìnrin náà láyà ni wọ́n wọ̀, idà àti ọ̀kọ̀ ni wọ́n sì fi ń jà jù. Frederick Forbes, ọ̀gá kan nínú àwọn ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Dàhọ̀mì ní 1849 àti 1850. Ohun tó kọ ni pé aṣọ ogun obìnrin àti ti ọkùnrin jọra: ẹ̀wù òwú onílà aró àti funfun tí kò lápá, ṣòkòtò péńpé tó kọjá orúnkún díẹ̀, àpò ọta ní ìbàdí, ìbọn lọ́wọ́. Lóòótọ́, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti kọjá lẹ́yìn 1823 kí ó tó débẹ̀, aṣọ sì lè yí padà láàárín ìgbà yẹn. Ohun tí mo ń sọ bọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí aṣọ onílà yẹn ṣàlàyé fún wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta. Ìtàn tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn Ẹ̀gbá ń bá wọn jà láìmọ̀ pé obìnrin wà nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n mú ọ̀kan, tí wọ́n fẹ́ gé nǹkan ọkùnrin rẹ̀ fi ṣe àmì ìṣẹ́gun, ni wọ́n tó rí i pé obìnrin ni. Ìtìjú àti ìbínú yẹn ni wọ́n fi lé wọn padà. Ẹ gbé aṣọ inú fíìmù yẹn wọ àwọn ológun náà, kí ẹ wá sọ fún mi bí àwọn Ẹ̀gbá ò ṣe ní mọ̀. Aṣọ kan péré lẹ pààrọ̀, ìtàn odindi ìlú kan sì ti di ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka Tíátà máa ń bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní fíìmù kì í ṣe kíláàsì ìtàn, pé òǹwòran fẹ́ ohun tó dùn ún wò, pé owó ò sì sí. Mo gbà fún un lápá kan. Jagun Jagun tó jáde ní 2023, àròsọ ni ìtàn inú rẹ̀. Ẹni tó dá ìlú sílẹ̀ lè dá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dárúkọ Gáà, ẹ dárúkọ Látòósà, ẹ ti jẹ gbèsè, nítorí pé àwọn yẹn gbé ayé. Ti owó ńkọ́? Ẹ lọ bi télọ̀ yín léèrè èwo ló wọ́n jù nínú ẹ̀wù òwú onílà pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, àti awọ tí wọ́n to owó ẹyọ sí lára láti ọrùn dé ìdí.

Àwọn tó máa kọ fíìmù ọ̀la, tó máa darí rẹ̀, tó máa rán aṣọ rẹ̀, wà láàárín wa níbí. Kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ọdún wo ni? Ta ni ọ̀gá ẹni tó máa wọ̀ ọ́? Kí ló fi ń jà? Bí ẹ bá ti rí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa gé e lọ.