Ebè Iṣu àti Ìlà Títọ́
Àwọn kan gbà pé ìṣirò onílà kò ṣe é fi Yorùbá kọ́. Èmi tí mò ń kọ́ni ní èdè náà kò gbà. Láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ àti Ìdó, igba-igba ni àgbẹ̀ ń ka ebè. Bí alágbàṣe bá kọ 40 lánàá, tí ó sì ń kọ 20 ní wákàtí kan lónìí, ẹ ya á sórí ìwé: 40 ni ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà òòró, 20 ni ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní wákàtí kẹjọ, igba pé.

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò ní Ifẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wa ń kọ́ ìlànà sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè tí ó mọ ebè í kà, ó mọ ìlà í fà.