Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì Ń Fẹ́ Iṣẹ́ Ṣe

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 19 ló wà ní Kinderdijk, ní ilẹ̀ Netherlands, tí wọ́n kọ́ láti máa fa omi kúrò lórí ilẹ̀ oko. Ọ̀pọ̀ wọn ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1740. UNESCO kà wọ́n mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1997, síbẹ̀ ènìyàn ṣì ń gbé inú wọn, apá wọn sì ń yí. Àgbádárìgì kò ní irú wọn. Ohun tí ó ní ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì etí ọ̀sà, tí a ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845. Afinimọ̀nà á sọ̀rọ̀, àlejò á ya fọ́tò, ó tán. Èmi gbà pé iṣẹ́ ilé náà ló yẹ ká tọ́jú, kì í ṣe pákó rẹ̀ nìkan.

Iṣẹ́ wo? Ní oṣù kìíní 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS, Townsend, Gollmer àti Àjàyí Crowther, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí ìlú náà tó ń retí wọn, kú, ọ̀nà dí, wọ́n sì dúró fún nǹkan bí oṣù 18. Ìtàn ìlú ní Crowther gbé ilé yìí. Ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ni, òun náà ló sì ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Kí ló dé tí ọmọ ilé ìwé kò fi lè wá kọ́ àmì ohùn níbẹ̀?

Wọ́n á ní ẹsẹ̀ èrò yóò ba ilé jẹ́. Ṣé iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń sinmi nítorí pé a ti ilẹ̀kùn ni? Ikán gan-an fẹ́ràn ilé tó dákẹ́. Bí pákó bá sì bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: ọkọ́ tí a pààrọ̀ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ ọkọ́ bàbá ẹni. Igi Àgíà ti Àgbádárìgì, tí àwọn míṣọ́nnárì wàásù lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wó ní 1959, ohun ìrántí nìkan ló dúró sí ipò rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ẹ̀yìn ìwàásù ni àgbá dé: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Èkó ní 1851, wọ́n gbà á ní 1861. Òótọ́ ni, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìyẹn náà nínú yàrá kan náà. Ṣùgbọ́n àbídí kì í ṣe ti míṣọ́nnárì mọ́. Babaláwo ti fi kọ ẹsẹ Ifá, ààfáà ti fi túmọ̀ Kùránì. Àtakò kan ṣoṣo ni n kò lè fèsì sí àfi kí n gbà á: Ògù ni ọ̀pọ̀ ará Àgbádárìgì ń sọ nílé, kì í ṣe Yorùbá. Bí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, Ògù ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ tábìlì fún.