Kí Òpè Tó Bá Afẹ́fẹ́ Lọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Òwe yìí bá àwọn tó ń fi káìtì ṣeré lórí odò Columbia mu, nítòsí ìlú Hood River ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà. Wọn a so káìtì ńlá mọ́ ìbàdí, afẹ́fẹ́ a sì máa fi í wọ́ wọn lọ lórí pátákó. Nígbà ooru, láti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà ń fẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀-oòrùn náà ni odò ń ṣàn lọ. Bí káìtì òpè bá jábọ́ tí kò gbéra mọ́, odò a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà, bóyá sí iwájú ọkọ̀ akẹ́rù tí kò lè tètè dúró.

Nítorí náà, kí ó tó gbéra, kí ó mọ èbúté tí yóò gúnlẹ̀ sí àti ibi tó lè yà sí lójú ọ̀nà. Kí ó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Kí ó má ṣe dá lọ. Kí ó lè tú káìtì kúrò lára láìwo ọwọ́. Ẹni tí kò bá tíì lè fi káìtì padà sí ibi tó ti gbéra, kí ó ní sùúrù. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ọmọ ní àbọ̀ kí á tó kọ́ ọ ní àlọ.