Ìdí Tí A Fi Ń Wá Òdo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu púpọ̀ nínú wa pé áljẹ́brà kò ju àkọ́sórí lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìṣirò kan ṣoṣo ni n ó sì fi ṣe ẹ̀rí mi.

Àgbẹ̀ kan kọ ebè 48 ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Iye ebè inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan fi 2 ju iye ọ̀wọ́ lọ. Ọ̀wọ́ mélòó ni ó kọ? Bí a bá pe iye ọ̀wọ́ ní n, a ó kọ ọ́ báyìí: n(n + 2) = 48. Ìwé kọ́ wa pé kí a kó 48 kọjá, kí ó lè ku òdo: n² + 2n − 48 = 0. Lẹ́yìn èyí, kí a wá nọ́ńbà méjì tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ −48, tí àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 2. Àwọn náà ni 8 àti −6. Nítorí náà, (n + 8)(n − 6) = 0.

Ní àkókò ìdánrawò ìkọ́ni, ọmọdékùnrin kan dìde, ó ní, "Tísà, èéṣe tí a kò fi 48 sílẹ̀ níbi tí ó wà?" Inú mi dùn púpọ̀, nítorí pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó dì mú. Mo bi gbogbo kíláàsì pé, "Mo sọ nọ́ńbà méjì di púpọ̀, mo rí 48. Kí ni wọ́n?" Ẹnìkan ní 6 àti 8, òmíràn ní 4 àti 12, òmíràn ní 3 àti 16, ariwo sọ. Mo tún ní, "Bí mo bá rí òdo ńkọ́?" Kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tí ó ṣe, ọmọdébìnrin kan wí jẹ́jẹ́ pé, "Ọ̀kan nínú wọn ní láti jẹ́ òdo."

Agbára ọ̀nà yìí kò ju èyíinì lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún 48. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ó wọ òdo bí kò ṣe láti ọ̀dọ̀ òdo fúnra rẹ̀. Nítorí náà, yálà n + 8 jẹ́ òdo, tàbí n − 6 ni. −8 tẹ́ ìṣirò náà lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí í kọ ọ̀wọ́ tí ó dín sí òfo. Ọ̀wọ́ 6 ni, ebè 8 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà yìí kọ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Al-Khwarizmi, tí ó kọ̀wé ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, a máa ya àwòrán onígun mẹ́rin ṣe irú ìṣirò yìí. Ní ọ̀nà tirẹ̀, a ó fi 1 kún 48, a ó rí 49, tí í ṣe 7 lọ́nà 7. Bí a bá yọ 1 kúrò nínú 7, ó ku 6. Inú ìwé Thomas Harriot, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a tẹ̀ ní 1631, ọdún 10 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni a ti rí i tí a fi irú ìsọdipúpọ̀ bẹ́ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú òdo.

Ẹ̀yin ará, láìpẹ́ a ó fọ́n ká sí ilé-ìwé gbogbo. Ọmọ tí a kọ́ ní òfin láìsọ ìdí rẹ̀ fún un yóò kọ ọ́ ní ọjọ́ kan pé n = 48 tàbí n + 2 = 48, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun tọ̀nà. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá dìde tí ó ní, "Èéṣe?", ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bi í ní ohun tí ó mọ̀ nípa òdo, kí ẹ sì ní sùúrù títí yóò fi dáhùn.